Ọ̀rọ̀ Tí Ó Ju Ẹkún Lọ

Ẹ óò rántí pé ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan ní sáà tí ó kọjá, mo ka ewì òyìnbó kan tí mo túmọ̀ sí Yorùbá sí etígbọ̀ọ́ yín. Àrùn jẹjẹrẹ ni ewì náà ń sọ, ẹ̀rín ni ó sì fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo kà á tán, àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa sì dìde, wọ́n ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, o gbìyànjú ní ti èdè. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí jẹjẹrẹ rí ni ó lè fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Bí ó bá dé ilé rẹ, ewì yìí ni wàá kọ́kọ́ fà ya."

N kò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé èsì wọ́n mi. Lábẹ́ kọ́là ẹ̀wù mi, báńdéèjì kan wà ní ọrùn mi. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí dókítà ti gé díẹ̀ nínú kókó kan tí ó yọ síbẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni. Nínú gbogbo ẹni tí ó jókòó, ẹni méjì péré ni ó mọ̀. Èsì tí n kò lè fún àgbà wa lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí, bí wọ́n bá lè forí jì mí pé ó pẹ́.

Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi ń rín in. Ṣé òtítọ́ ni? A ti pa òwe yìí títí ó fi di ohun tí ẹnu ń sọ tí ọkàn kò gbọ́. Mo fẹ́ fi ìwé méjì dán an wò: ewì tí mo kà fún yín, tí J. B. S. Haldane kọ ní ọdún 1964, àti àròkọ kan tí Stephen Jay Gould kọ ní ọdún 1985. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni àwọn méjèèjì. Jẹjẹrẹ ti mú àwọn méjèèjì kí wọ́n tó gbé kálàmù. Nítorí náà, bí wọ́n bá ṣì í sọ, kì í ṣe nítorí pé wọn kò rí i rí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, nítorí orúkọ ni iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ èdè. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ pe àrùn yìí ní alákàn. Àwọn ará Róòmù túmọ̀ rẹ̀ sí alákàn ní èdè tiwọn, orúkọ Róòmù yẹn náà ni Gẹ̀ẹ́sì sì ń lò títí di òní. Galen, oníṣègùn àtijọ́ nì, ṣàlàyé pé àwọn iṣan tí ó wú yí kókó náà ká ni ó dà bí ẹsẹ̀ alákàn. Òyìnbó ń dárúkọ ẹran odò lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀. Tiwa kò fara pamọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá, tí ó sì gbọ́ "jẹjẹrẹ," yóò gbọ́ "jẹ" níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ń jẹ ni, tí kò sì tíì yó. Bóyá nítorí pé orúkọ náà ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀ ni ẹnu wa fi ń sá fún un.

Ẹ wo ìwé ìkéde òkú tí a ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri: "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́." Mo mọ ẹni tí àìsàn tirẹ̀ gba ọdún méjì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilẹ̀ lé e lórí, ṣùgbọ́n ránpẹ́ ni ìwé náà pè é. Bí aláìsàn bá sì wà láàyè, a óò ní "ara rẹ̀ kò yá díẹ̀," tàbí kí a fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé "àìsàn yẹn" ni. Kì í ṣe òní ni a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìgbóná ń pa ènìyàn, àwọn baba wa kì í pe Ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ gbàgà. Olóde ni wọ́n ń pè é, Ilẹ̀ẹ́gbóná ni, Ọba ni. N kò bá ẹlẹ́sìn kankan jà. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ìbẹ̀rù sì wà nínú ọ̀wọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kọ́ ni ó lé ìgbóná lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ọdún 1980 pé ó ti tán nílé ayé.

Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń wo ọ̀rọ̀, mo rí i pé ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà ki àrùn. Èkíní ni kíkì tí a dọ̀bálẹ̀ kì: a gbé àrùn ga kí ó má baà wo ibi tí a wà. Èkejì ni kíkì ẹ̀fẹ̀: a gbé e ga ju bí ó ti yẹ lọ, kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé kò tó bẹ́ẹ̀. Irú kejì yìí kò ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá ti dúró gbọ́ orin Ẹ̀fẹ̀ ní òru tí ó ṣáájú ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ bí a ti ń fi orin sọ alágbára di ẹni tí ọmọdé ń rín. Irú èyí ni ewì Haldane.

Ta ni Haldane? Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, a bí i ní Oxford ní ọdún 1892. Ó wà lára àwọn tí ó fi ìṣirò ṣàlàyé bí ohun tí a ń jogún lára òbí ti ń yí padà láti ìran dé ìran. Ṣùgbọ́n kí inú tiwa náà dùn díẹ̀: ẹ̀kọ́ ìwé àwọn Gíríìkì àti Róòmù ni ó fi gba oyè, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Ara tirẹ̀ ni ó sì fi ń dán nǹkan wò. Ó mu oògùn tí ẹlòmíràn kò ní fẹnu kàn. Ó jókòó sínú yàrá irin tí wọ́n ti fún afẹ́fẹ́ mọ́, kí ó lè mọ ohun tí ojú àwọn tí ń rì sí ìsàlẹ̀ omi ń rí. Ní ọdún 1957 ó kó lọ sí Íńdíà, ibẹ̀ ni ó sì fi ṣe ilé títí àìsàn fi dé. Ní London ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964. Ìwé ìròyìn New Statesman tẹ ewì náà jáde ní oṣù kejì ọdún náà. Àkọlé rẹ̀ ni pé ohun ẹ̀rín ni jẹjẹrẹ.

Bí ewì náà ti bẹ̀rẹ̀, Haldane ń fẹ́ ohùn Homer, akéwì Gíríìkì tí ó kọrin ogun Troy. Kí ni ó fẹ́ fi ohùn ńlá yẹn ṣe? Ó fẹ́ fi í kọrin jẹjẹrẹ ìdí. Ẹ fojú inú wò ó pé akéwì kan dé àárín ọjà, ó pe onílù, ó ní kí wọ́n lu ìlù ogun fún òun. Gbogbo ọjà dákẹ́, wọ́n ń retí oríkì jagunjagun, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìdí ara rẹ̀. Ẹ̀rín kìíní nìyẹn. Ṣùgbọ́n Haldane kò jẹ́ kí a rín in tán kí ó tó sọ pé àwọn tí àrùn yìí ń pa pọ̀ ju àwọn tí ó kú ní Troy lọ. Ẹ̀rín náà há sí wa lọ́fun. A wá rí i pé kì í ṣe ìdí rẹ̀ ni ó kéré jù fún ohùn Homer. Àwa ni kò ka àwọn òkú wọ̀nyí sí akọni.

Lẹ́yìn èyí, ìtàn ni ó kù, ó sì sọ ọ́ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ó rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ó lọ bá dókítà. Dókítà wo ìdí rẹ̀, wọ́n gé díẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì la ọ̀nà mìíràn fún ìgbẹ́ ní ikùn rẹ̀. Níhìn-ín ni ó ti fi ara rẹ̀ wé Janus, òrìṣà àwọn ará Róòmù tí ó ní ojú méjì, nítorí pé ohun tí ẹlòmíràn kò lè rí lára ara rẹ̀ ti wà níwájú òun báyìí. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ òrìṣà náà àti orúkọ ibi tí à ń wí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ní ìró. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta wá ohun tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀ ní Yorùbá, n kò rí i. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i, kí ó kọ̀wé sí olóòtú wa.

Ní ìparí, ó to jẹjẹrẹ mọ́ àwọn nǹkan mìíràn tí ń pa ènìyàn, bí ọkọ̀ àti oògùn oorun; ó tò ó mọ́ àwọn tí ń dunni, bí eyín tí ó bàjẹ́ àti gbèsè tí a kò tíì san. Lójú mi, ibí yìí ni agbára ewì náà wà. Kò sọ pé jẹjẹrẹ kì í pani. Kò sọ pé kì í dunni. Ohun tí ó ṣe ni pé ó mú un sọ̀kalẹ̀ láti orí ìtẹ́, ó sì fi í jókòó sáàárín àwọn ìyọnu tí a ti mọ̀, tí a sì ń bá gbé. Gbèsè ń dunni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń pè é ní "ohun yẹn."

Ewì náà ní àléébù, n kò sì ní fi í pamọ́. Haldane fi dá òǹkàwé lójú pé ẹ̀rín a máa mú ìwòsàn yá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1964 kan náà, ó kú ní Bhubaneswar ní Íńdíà. Jẹjẹrẹ yẹn náà ni ó pa á. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ewì náà lẹ́bi yóò sọ pé: ẹ rí i, ẹ̀rín kò wò ó sàn. Òótọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé oògùn ni ewì náà, ó jẹ́ oògùn tí kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ tún un kà. Ìlà tí ó fi ẹ̀rín ṣe oògùn ni aláìlágbára jù lọ nínú rẹ̀. Èyí tí ó lágbára ni ibi tí ó ti sọ pé òun rí ẹ̀jẹ̀, òun kò sì dúró, òun béèrè. Àgbàlagbà ọkùnrin, ọ̀mọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀, sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn pé ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní ìdí òun. Mélòó nínú àwọn bàbá wa ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó wọn nínú yàrá? Ẹ̀rín ni ó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ lè gbé e. Iṣẹ́ tí ẹ̀rín ṣe nìyẹn, iṣẹ́ ńlá sì ni.

Àléébù kejì kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ gan-an. Nínú ewì náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti lọ́wọ́ Nye Bevan, òṣèlú tí ó dá ètò ìlera ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1948. Nígbà tí mo ń túmọ̀ rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fo ibẹ̀, mo rò pé kò kàn wá. Ìyá àgbà mi ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ó kàn wá.

Mo ti sọ fún yín nípa kókó ọrùn mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni mo rí i, lábẹ́ àgbọ̀n mi ní apá òsì, kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Nígbà tí ó di ìlọ́po méjì, tí òógùn sì ń bò mí lóru, mo lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní ohun mẹ́ta ni ó lè jẹ́: ó lè jẹ́ wíwú lásán láti ara egbò tàbí eyín, ó lè jẹ́ ikọ́ ife, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Nínú mẹ́ta, ọ̀kan ṣoṣo ni etí mi gbé délé.

Ọ̀rẹ́ méjì ni mo sọ fún. Èkíní bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Jẹjẹrẹ kẹ̀? Ọmọ ọdún mélòó? Gbàgbé ẹ̀, jàre!" Ó ní kí n má wulẹ̀ padà lọ gba èsì. Èkejì gbé ọsàn wá, ó ń fi ohùn tí a fi ń kí ọlọ́fọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó wo orí tábìlì mi, ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá n óò lo ìwé atúmọ̀-èdè mi lóṣù yẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí báńdéèjì fi ń fà mí lọ́rùn. Ọ̀rẹ́ mi kò mọ ohun tí mo ń rín. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni kìíní rẹ́rìn-ín kí ó má baà rí àrùn náà, ẹni kejì sì ti rí òkú mi kí n tó kú.

Ní ọjọ́ Sunday, mo lọ sílé. Ìyá àgbà pè mí jókòó.

"Àkànbí, wọ́n ní wọ́n gé ọ lọ́rùn?"

"Díẹ̀ ni, Ìyá. Wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni."

"Èló ni wọ́n san fún ọ?"

"Wọn kò san nǹkan kan, Ìyá. Èmi ni mo sanwó."

Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. "Háà! Ẹ gbà mí o! Ọmọ mi ni ó ni ẹran, òun náà ni ó tún sanwó fún alápatà!"

Inú bí màmá mi. Wọ́n ní, "Ìyá, ṣé ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ni?"

Ìyá àgbà ní, "Mo rí i. Ṣé bí n kò bá rí i, n óò máa rẹ́rìn-ín ni? Àkànbí, ọjọ́ wo ni èsì? Èmi pẹ̀lú rẹ ni a jọ ń lọ. Mo fẹ́ fojú kan alápatà náà."

Ní òru ọjọ́ náà, mo jí, mo gbọ́ tí Ìyá àgbà ń fi oríkì mi gbàdúrà nínú òkùnkùn. Kò sí ẹ̀rín kankan nínú ohùn náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú lámèyítọ́ wo ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà, nítorí ó tó ewì fún mi. Ohun tí Haldane ṣe ni wọ́n ṣe. Wọ́n mú àrùn jáde láti inú ìsọ̀rọ̀-kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ọjà ẹran, níbi tí gbogbo wa mọ iye tí nǹkan jẹ́. Wọn kò sọ pé kò sí nǹkan kan. Wọ́n béèrè ọjọ́ èsì. Ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun tí Haldane kò ní láti rí. Lójú Haldane, ìjọba ni ó sanwó fún alápatà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ láti rẹ́rìn-ín. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè owó kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn, ẹ̀rín gbọ́dọ̀ gbé ẹrù méjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ewì náà sí Yorùbá kò gbọdọ̀ fo orúkọ Nye Bevan.

Láàárín ọjọ́ tí mo fi ń retí èsì ni mo ka àròkọ Gould. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Gould, ó ń kọ́ni ní Harvard nípa àwọn ohun abẹ̀mí àtijọ́. Ní oṣù keje ọdún 1982, nígbà tí kò tíì pé ẹni ọdún 41, wọ́n rí irú jẹjẹrẹ kan tí kò wọ́pọ̀ nínú awọ tí ó bo inú ikùn rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ ìwé tí òun lè kà. Dókítà náà fọgbọ́n dáhùn pé kò sí èyí tí ó dára láti kà. Gould kò gbọ́ràn, ó lọ sí ilé ìkàwé, ibẹ̀ ni ó sì ti rí i pé àrùn náà kò ní ìwòsàn, àti pé oṣù mẹ́jọ ni ẹni tí ó wà ní àárín ń lò lẹ́yìn tí wọ́n bá rí i. Ó jókòó bí ẹni tí a fi igi gbá lórí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ó wá yé e ìdí tí dókítà kò fi fún un ní ìwé.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí ni ó mú kí àròkọ náà yẹ fún kíkà. Ó bi ara rẹ̀ pé: kí ni ìtumọ̀ oṣù mẹ́jọ? Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa ṣàlàyé. Ẹ to ènìyàn mọ́kànlá sórí ìlà gẹ́gẹ́ bí iye oṣù tí olúkúlùkù lò. Ẹni kẹfà ni ẹni àárín. Bí òun bá lo oṣù mẹ́jọ, àwọn márùn-ún tí ó wà níwájú rẹ̀ kò lè lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì lè lò dín ní òfo. Ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Kò sí odi lẹ́yìn wọn. Ẹnìkan lè lo ọdún kan, ẹlòmíràn ogún ọdún, síbẹ̀ ẹni kẹfà ni ẹni àárín. Gould wo ara rẹ̀: kò tíì dàgbà, wọ́n tètè rí i, ó ní dókítà tí ó dára, ìtọ́jú tuntun sì wà. Ó ní ó ṣeé ṣe kí òun wà ní apá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ó sì wà: ó lo ọdún mọ́kàndínlógún ó lé díẹ̀ sí i. Ní ọdún 2002 ni ó kú, jẹjẹrẹ mìíràn ni ó sì pa á.

Èyí kò pani lẹ́rìn-ín bíi ti Haldane, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. Haldane mú àrùn sọ̀kalẹ̀ láti orí ìtẹ́, Gould mú nọ́ńbà sọ̀kalẹ̀. Èmi tí mo ti fi ohun mẹ́ta ṣe ọ̀kan, mo padà ka mẹ́ta. Mo sùn lóru ọjọ́ náà.

Àléébù ti Gould ni pé a mọ̀ bí ìtàn rẹ̀ ti parí, ó sì rọrùn láti kà á bí ẹni pé ọgbọ́n ìṣirò ni ó gbà á là. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdajì àwọn tí ó wà lórí ìlà wà níwájú ẹni àárín, àwọn náà sì lè mọ ìṣirò. Ohun tí ìṣirò ṣe kò ju pé kò jẹ́ kí ó sin ara rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Bákan náà ni ẹ̀rín: kò lè fi ọjọ́ kún ọjọ́ ẹni, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa gé èyí tí ó kù.

Mo wá fẹ́ padà sọ́dọ̀ àgbà wa tí ó bá mi wí, nítorí ọjọ́ tí mo gba èsì ni mo rí i pé òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ìyá àgbà wé gèlè tí wọ́n fi ń lọ òde, a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí wọ́n pè wá, dókítà ní ikọ́ ife ni ó wọ kókó ọrùn mi, oògùn oṣù mẹ́fà ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìyá àgbà ní, "Ikọ́ tí kì í húkọ́? Á jẹ́ pé ó ṣìnà ni." A rẹ́rìn-ín jáde. Lórí bẹ́ǹṣì níta, obìnrin kan tí òun pẹ̀lú wa ti jọ ń retí láti àárọ̀ jókòó, ìwé tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi í ní ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rín kú mọ́ wa lẹ́nu. Ìyá àgbà jókòó tì í, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọn kò dá àpárá kankan. A pẹ́ níbẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ̀rín yìí ní oní-ǹ-kan. Ẹni tí àrùn wà lára rẹ̀ ni ó ni ín. Haldane lè ki ìdí ara rẹ̀, n kò lè bá a ki ìdí ẹlòmíràn. Bí aláìsàn bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí á bá a rín in. Bí kò bá tíì rín, kí á jókòó. Ìyá àgbà lè fi ọrùn mi ṣe ẹran ọjà nítorí pé ọmọ wọn ni mí, wọ́n sì ti fẹ́ bá mi lọ gba èsì. Ẹ̀fẹ̀ tí kò ní "èmi pẹ̀lú rẹ ni a jọ ń lọ" lẹ́yìn, ìwọ̀sí ni. Àgbà wa, ẹ jàre níbẹ̀ yẹn. Èmi tí jẹjẹrẹ kò mú kò lè búra pé ẹ̀rín ni n bá rín bí ó bá mú mi. Ẹ̀rí ọjọ́ ìrètí nìkan ni mo lè jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kò jàre pé kí a fa ewì náà ya. Ní ọdún 2014, Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n ti tọ́jú òun fún jẹjẹrẹ tí ń mú ọkùnrin nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Ó sọ ọ́ kí àwọn ẹlòmíràn lè lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn. Nínú ìwé Yorùbá, níbo ni a ti kọ ọ́? A ní ewì fún ikú, a ní ewì fún ọ̀fọ̀. Ibi tí ó wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n gé ẹran ara ẹni àti ọjọ́ tí èsì dé, ibi tí ènìyàn kì í ti í ṣe aláìsàn tí kì í sì í ṣe aláìlera, òfo ni ó ṣì wà lójú mi. Èdè tí ó ní Ẹ̀fẹ̀, tí ó sì ní Ìyá àgbà, kò yẹ kí ó ní "àìsàn ránpẹ́" nìkan láti sọ níbẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin akéwì ẹgbẹ́ wa pé kí ẹ gbìyànjú rẹ̀, kí ẹ sì pe orúkọ náà.

Òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ń kọ́? Mo gbà á, ṣùgbọ́n kò dá dúró. Ó nílò òwe méjì mìíràn tì í. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí: ẹni tí ó bá rí kókó tàbí ẹ̀jẹ̀, kí ó má dúró. Èkejì sì ni pé àrùn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Ohun tí ó bá jẹ́ àrùn, kí á wò ó kíákíá, kí á sì máa rẹ́rìn-ín bí a ti ń lọ, bí ẹni tí ó ni ín bá fẹ́. Ohun tí ó bá jẹ́ ikú, kí á jókòó ti ara wa.

Àgbà wa, mo dọ̀bálẹ̀. Bí èsì mi kò bá tó, ẹ bá mi wí ní ìpàdé tí ń bọ̀. Báńdéèjì ti kúrò lọ́rùn mi, n óò lè dáhùn.